Ẹ̀ṣẹ̀ Tèmi Ni Mo Dárí Rẹ̀ Ji Bàbá Orrin

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Bí mo bá sọ ọ́ tán tí èébú ṣì ń yọ lẹ́nu yín, ẹ máa bú mi lọ. Mo ti bú ara mi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Leland Tollefson ni orúkọ mi. Ìlú kékeré kan ní Montana ni mò ń gbé, iṣẹ́ mi ni kí n máa tún ẹ̀rọ ìkórè àwọn àgbẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn kọ́ làwọn èèyàn fi mọ̀ mí. Ohun tí wọ́n fi mọ̀ mí ni pé èmi ni olùṣọ́ pápá nínú ẹgbẹ́ ayìnbọn wa, ọdún mọ́kànlá gbáko.

Olùṣọ́ pápá ló ń pàṣẹ lọ́jọ́ tí a bá ń yìnbọn. Bó bá pariwo pé "Ó ti gbóná!", kálukú lè máa yìn. Bó bá pariwo pé "Ó ti tutù!", gbogbo ìbọn gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì, kí ikùn wọn ṣófo, kí àsíá kékeré kan, ike aláwọ̀ ìyeyè lásán, há sí ikùn ìbọn kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ojú lè rí i pé kò sí ọta níbẹ̀. Ìgbà yẹn làwọn èèyàn á tó rìn lọ sí iwájú láti pààrọ̀ bébà tí a ń yìn. Bó bá ti tutù, a kì í fọwọ́ kan ìbọn. Ọmọ ọdún méje mọ̀ ọ́n nílùú wa.

Mò ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé àìmọ̀ kọ́ ló ṣe mí.

Ẹni tó kọ́ mi ní òfin náà ni Bàbá Orrin Skaar. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, bàbá tó bí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, òun ló gbé ìbọn lé mi lọ́wọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Bó ṣe ń kọ́ Gretchen ọmọ rẹ̀ ló ṣe ń kọ́ èmi náà. Ní báyìí, ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n bó bá ti fi ìdí ìbọn ti èjìká báyìí, ọwọ́ náà á dúró ṣinṣin. Gbogbo Sátidé lẹ máa bá a ní tábìlì kẹrin, òun àti kọfí rẹ̀ nínú fúláàsì. Pápá yẹn ló kù tó ń mú un jí láàárọ̀.

Nígbà ìkórè ọdún tó kọjá, àwọn olè fọ́ ilé aládùúgbò wa. Ìparí ọ̀nà oníyanrìn kan ni ilé tiwa wà, bí a bá pe ọlọ́pàá, á tó ogójì ìṣẹ́jú kí wọ́n tó dé. Mo sọ fún Darla, ìyàwó mi, pé ó yẹ kí n ra ìbọn tuntun.

"Ìbọn wo tún ni?" ló wí. "Mẹ́fà ló wà nínú sééfù. Ṣé olè méje ló ń bọ̀ ni?"

"Ìbọn ọdẹ nìyẹn. Èyí tó ń ki ọta fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́, tí mo lè fi ṣọ́lé, tí mo sì lè fi bá wọn díje ní pápá."

"Kí lolè fẹ́ jí níbí? Àga tó yarọ yẹn ni àbí ìwọ?"

"Darla, ọ̀rọ̀ gidi là ń sọ."

"Ọ̀rọ̀ gidi lèmi náà ń sọ. Tún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣe. Ó di ọdún méjì tí ilẹ̀kùn yẹn ò tì dáadáa mọ́."

Mi ò tún ilẹ̀kùn kankan ṣe. Ṣọ́ọ̀bù Merle ni mo gbà lọ.

Merle ló ń ta ìbọn nílùú wa, òun náà sì ni alága ẹgbẹ́. Ó gbé méjì jáde, ó tẹ́ wọn sórí aṣọ dúdú níwájú mi. Ìbọn olówó iyebíye làwọn méjèèjì, irú èyí tí èèyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan láyé. Ọ̀kan kúkúrú, ó fúyẹ́, ó rí wúruwùru díẹ̀. Èkejì gùn, awò tó wà lórí rẹ̀ mọ́ kedere, igi ìdí rẹ̀ ń dán bí ojú omi. Bí mo ti gbé èyí gígùn ti èjìká báyìí, mo mọ̀ pé ó ti tán fún mi.

Ṣùgbọ́n èèyàn máa ń díbọ́n pé òun ń ronú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń lọ, tí mò ń bọ̀. Mo gbé èyí, mo gbé ìyẹn. Mo ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa wọn. Bí mo bá ń jẹun, ìbọn ni mò ń rò. Bí Darla bá ń bá mi sọ̀rọ̀, mò ń mi orí, ìka mi ń fa ohun tí kò sí níbẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Ọjọ́ kan ni Merle kẹ́nu bọ̀ ọ́. "Leland, sọ òótọ́ fún mi. Kí lo fẹ́ fi ṣe gan-an?"

"Méjèèjì. Kí n fi ṣeré, kí n fi ṣọ́lé."

"Èyí kúkúrú ni kó o mú nígbà náà. Ìfà rẹ̀ le." Ìfà ni irin tí ìka ń fà kí ìbọn tó dún. "Ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, tẹ́rù ń bà, ìfà tó le ló yẹ ẹ́. Èyí gígùn yìí, bó o bá mí sí i, á dún. Bàtà ijó ni, kì í ṣe bàtà oko."

"Ṣé o rò pé mi ò mọ ìbọn lò ni?"

"Mo mọ̀ pó o mọ̀ ọ́n lò. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

A jọ rẹ́rìn-ín. Mo fa ìfà èyí gígùn lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ́ báyìí, ó dùn mọ́ ìka mi débi pé ojú tì mí. Èyí gígùn ni mo gbé lọ sílé.

Merle ta oríṣi ọta méjì fún mi. Ọta pápá ni èyí tí èèpo rẹ̀ pọ́n bí idẹ. Ọta ilé ni èkejì, èèpo rẹ̀ funfun bíi fàdákà, wọ́n ní kì í tètè la ògiri kọjá. "Ẹni méjì péré ló ń ra funfun yìí lọ́wọ́ mi," ni Merle wí. "Ìwọ àti ọ̀gbẹ́ni dókítà eyín. Ẹ̀yin olówó!"

Láàárín ọ̀sẹ̀, ìbọn náà ń dúró lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù ní yàrá wa, ọta funfun nínú àpótí rẹ̀, ọta kan nínú ikùn rẹ̀. Bó bá di Sátidé, màá mú un jáde sí àgbàlá, màá yọ àpótí ọta, màá ṣí ikùn ìbọn, màá wò ó, màá ti ìka bọ̀ ọ́, màá tún un wò. Nígbà tó yá, mi ò ti ìka bọ̀ ọ́ mọ́. Nígbà tó tún yá, ẹ̀ẹ̀kan ni mò ń wò ó. Bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù.

Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá, mo pẹ́ kí n tó jí. Merle ti pè lẹ́ẹ̀mejì pé àwọn èèyàn ti ń dúró sí géètì. Darla ń pariwo láti ilé ìdáná pé ẹyin mi ti tutù. Mo yọ àpótí ọta, mo ju ìbọn sínú báàgì rẹ̀, mo jáde. Àní mo gbàgbé àsíá ìyeyè mi sórí fèrèsé.

Mo yọ àpótí ọta. Mi ò yọ ọta tó wà nínú ikùn.

Mo ṣí pápá, mo gbálẹ̀ yíká gbogbo tábìlì bí iṣẹ́ mi ti rí, a bẹ̀rẹ̀. Olùṣọ́ pápá kì í yìn lọ́jọ́ tó bá ń ṣọ́, torí náà báàgì mi wà ní tábìlì kẹta, mi ò ṣí i. Bàbá Orrin nìkan ló lo tábìlì kẹrin, lápá ọ̀tún mi, ó ń yìn ín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, mo ké pé, "Ó ti tutù!" Mo yẹ ìbọn gbogbo wọn wò. Àsíá wà níbẹ̀. Àwọn mẹ́rin rìn lọ sí iwájú láti pààrọ̀ bébà. Paulette, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé wa, wà lára wọn.

Èmi àti Bàbá Orrin nìkan la ṣẹ́ kù lẹ́yìn. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń wá awò ojú rẹ̀ láàárín ẹrù tó wà lórí tábìlì.

Ẹ̀yin ará, mi ò mọ ohun tó gún mi. Rárá, irọ́ ni mo pa, mo mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ wo bí awò ìbọn mi ṣe mọ́ tó nínú oòrùn àárọ̀ yẹn. Mo ṣí báàgì. Mo gbé ìbọn. Pápá ti tutù, àwọn èèyàn wà níwájú, èmi olùṣọ́ gbé ìbọn sójú.

Mo rí ìdì irun Paulette bí ẹni pé kí n nawọ́ kí n fọwọ́ kàn án. Mo rí yẹtí rẹ̀. Mo yí ìbọn kúrò lára rẹ̀, mo gbé e sórí òpó igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìbọn ṣófo, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí n kàn gbọ́ bí ìfà yẹn ṣe ń dùn.

Ìbọn dún.

Òpó igi fọ́n ká. Paulette ṣubú lulẹ̀. Àwọn tó kù dojú délẹ̀. Bàbá Orrin yíjú sí iwájú, ó ń sáré tẹ̀tẹ̀ lọ sí ìlà tó wà níwájú tábìlì, ó ń ké "Paulette! Paulette!" tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn rẹ̀ fi ya.

Nítorí ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ni mo fi ń kọ ìwé yìí. Kì í ṣe ìbọn tó dún. Ìbọn tó dún lè jẹ́ àṣìṣe. Èyí tí mo ṣe lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi ṣe é, ojú mi sì là.

Mo fa àsíá ìyeyè kúrò nínú ìbọn Bàbá Orrin. Mo fi há ikùn ìbọn tèmi. Mo gbé ìbọn tèmi sílẹ̀. Kò ju kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀mẹta lọ.

Paulette dìde. Ẹ̀là igi ti ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ń ṣàn, ṣùgbọ́n ó dìde. Ọta náà gba ibi tí kò ju gígùn apá kan lọ sí orí rẹ̀. Àwọn èèyàn sáré padà sídìí tábìlì.

"Ìbọn ta ni?" ni Merle ń bú ramúramù. "Mo ní ìbọn ta ni?"

Bàbá Orrin padà wá síbi tábìlì rẹ̀. Ó wo ìbọn rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó tún wo ìbọn náà.

"Àsíá mi dà?" ló bi mí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé ó ń bèèrè ọ̀nà. "Leland, mo fi àsíá há a. Àbí mi ò fi há a?"

 

Merle fọwọ́ kan irin ìbọn Bàbá Orrin. Ó gbóná, bó ti yẹ kó gbóná, torí pé kò pẹ́ tó yìn ín. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan tèmi. Ta ló máa fura sí olùṣọ́?

"Ṣé èmi ni?" ni Bàbá Orrin wí. "Awò ojú mi ni mò ń wá. Ṣé mo fọwọ́ kàn án ni? Leland, o wà níbẹ̀. Ṣé èmi ni?"

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká, mo ní, "Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá Orrin. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni."

Mo dárí jì í. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni mo dárí rẹ̀ jì í lójú gbogbo èèyàn, wọ́n sì ń mi orí pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni mí.

Èmi náà ni mo kọ ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ fún ẹgbẹ́. Mo kọ ọ́ pé mo gbálẹ̀ pápá ní aago mẹ́jọ, pé gbogbo nǹkan wà létòlétò, pé tábìlì kẹrin, tí Bàbá Orrin nìkan lò, ni ìbọn ti dún. Wọ́n gba báàjì ẹgbẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Orrin lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ géètì tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ogójì ọdún. Kò bá wọn jiyàn. Ó bọ́ báàjì náà fúnra rẹ̀, ó nù ún mọ́ aṣọ, ó fi lé Merle lọ́wọ́.

Mo rò pé ó ti parí. Mo ní, àgbàlagbà ni, á sinmi, àwọn èèyàn á gbàgbé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Bàbá Orrin pa ọkọ̀ rẹ̀ tì. Ó ní ẹni tó lè yìnbọn láìmọ̀ lè pa ọmọ lójú ọ̀nà láìmọ̀. Ó ní kí Gretchen yọ bọ́tìnnì ẹ̀rọ ìdáná, kí òun má baà sun ilé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ta àwọn ìbọn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń rù. Gretchen fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú Billings, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì ń wá ilé àwọn arúgbó tí yóò gbé e lọ.

Ẹ̀rí ọkàn ń gún mi, mo bá ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Darla ń se ọbẹ̀ ẹran ìgalà, mò ń gbé e lọ. Darla ò mọ nǹkan kan. Ó kàn ń wò mí. "O ti gbé ìbọn yẹn sínú sééfù, o ò mú un jáde mọ́," ló wí lọ́jọ́ kan. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lo fi fẹ́ ẹ, kò tó oṣù méjì tó o ti kọ̀ ọ́. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí," ni mo wí.

Ọjọ́ kan, Bàbá Orrin ń mu ọbẹ̀, ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún.

"Leland, mo ti ń rántí báyìí."

"Ẹ ń rántí kí ni, bàbá?"

"Bó ṣe ṣẹlẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mi ò rántí nǹkan kan, ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí jù. Àmọ́ bí mo ti ń rò ó ní gbogbo òwúrọ̀, ó ti ń padà wá. Mo nawọ́ sí awò ojú mi. Ìka mi kan ìfà."

 Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ó yẹ kí n kúnlẹ̀ níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ má rò ó mọ́, bàbá. Ẹ mu ọbẹ̀."

Ó ní, "Ìwọ nìkan lò ń wá wò mí nínú gbogbo wọn. Ọlọ́run á san án fún ẹ."

Gretchen ló tú mi fó.

Bàbá rẹ̀ máa ń ṣa èèpo ọta rẹ̀ nílẹ̀ pápá, á kó wọn sínú agolo kọfí, á gbé wọn lọ sílé láti tún wọn kì. Kò sí arúgbó ayìnbọn tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo gbé ọbẹ̀ dé, bàbá ń sùn nínú àga, Gretchen ti da agolo náà sórí tábìlì ìdáná, ó ń ṣà wọ́n fún ẹni tó fẹ́ rà wọ́n.

"Jókòó, Leland," ló wí. Kò wojú mi. "Wo èyí."

Ó fi ìka kan ti nǹkan kan sí mi. Èèpo ọta funfun kan ṣoṣo. 

"Bàbá mi ò ra ọta funfun rí láyé rẹ̀," ni Gretchen wí. "Fúnra rẹ̀ ló ń ki ọta rẹ̀. Gbogbo èèpo rẹ̀ ló ń fi yíǹkì pupa sàmì sí nídìí. Wò ó. Pupa. Pupa. Pupa. Èyí ò ní."

"Ẹnikẹ́ni lè ju èyí sílẹ̀," ni mo wí. "Pápá ńlá ni."

"Ẹnikẹ́ni kẹ̀? Nídìí tábìlì kẹrin? Òkè pátápátá inú agolo ni mo ti bá a, ohun tó ṣà kẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Ìwọ lo sì kọ ọ́ sínú ìwé pó o gbálẹ̀ láago mẹ́jọ, pé bàbá mi nìkan ló lo tábìlì náà. Ṣé o gbálẹ̀ àbí o ò gbálẹ̀?"

"Mo gbálẹ̀."

"Tábìlì wo lo wà?"

Mo wo ibi tí bàbá ń sùn sí.

"Leland, àwa méjèèjì jọ kọ́ ìbọn lọ́wọ́ ẹni kan náà. Ìbọn tó ń ki ara rẹ̀, apá ibo ló ń tu èèpo sí?"

"Apá ọ̀tún."

"Tábìlì wo ló wà lápá ọ̀tún tìẹ?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ojú ò tiẹ̀ tì mí mọ́.

"Mo ti pe Merle," ló wí. "Ẹni méjì ló ń ra èyí lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà eyín ti wà ní Arizona láti oṣù kẹsàn-án." Ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀ kí bàbá rẹ̀ má baà jí. "Ó ń jí láàárọ̀, ó ń bú ọwọ́ ara rẹ̀, Leland. Mo ń gbọ́ ọ láti yàrá mi. Ó ń bá ọwọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ajá tó gé ọmọ jẹ sọ̀rọ̀. O sì ń gbé ọbẹ̀ wá fún un."

"Gretchen, jọ̀ọ́..."

"Ìpàdé ẹgbẹ́ á wáyé ní Túsìdeé. Màá mú un wá. Wàá sọ ọ́ fúnra rẹ, lójú rẹ̀. Bó ò bá sọ ọ́, èmi á sọ ọ́."

Mo sọ fún Darla lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó jókòó ti àwo tí kò tíì fọ̀.  "Mo kà á sí pé obìnrin mìíràn ni," ló wí. "Ì bá jẹ́ pé obìnrin ni."

Ní Túsìdeé, gbọ̀ngàn àwọn panápaná tí ẹgbẹ́ ti ń ṣèpàdé kún. Wọ́n gbé ìkòkò ẹ̀wà oníata àti páì sórí tábìlì bíi ti tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Bàbá Orrin jókòó níwájú, ó wọ kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, Gretchen wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ọta tí mo gbàgbé nínú ikùn ìbọn, awò, ìfà, àsíá tí mo fà yọ. Mi ò fi ohunkóhun pamọ́.

Paulette ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àpá wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Nígbà tó o gbé awò yẹn sójú," ló wí, "ṣé mo wà nínú rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó mú kóòtù rẹ̀, ó jáde. Ọkọ rẹ̀ wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀ lé e.

"Báàjì," ni Merle wí. Mo bọ́ ọ fún un. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú báàjì àti kọ́kọ́rọ́ Bàbá Orrin jáde, ó rìn lọ bá a, ó sì tẹ̀ ba níwájú rẹ̀. Mi ò rí Merle kó tẹ̀ ba fún ẹnikẹ́ni rí. "Bàbá Orrin, ẹ forí jì wá. Tiyín rèé. Ẹ̀yin kọ́."

Bàbá Orrin ò na ọwọ́.

"Leland, jókòó, ọmọ mi," ló wí. "Mo mọ ìdí tó o fi ń ṣe èyí."

"Bàbá, òótọ́ ni."

"Ojoojúmọ́ lò ń wá sílé mi. O ń rí bí mo ṣe ń rù. O wá rò pé bó o bá gbé e ru ara rẹ, ara á tù mí."

"Bàbá Orrin, èmi ni! Mo fa àsíá yín yọ! Ẹ bèèrè lọ́wọ́ Gretchen!"

Gretchen fi èèpo funfun náà sí i lọ́wọ́. "Dádì, ẹ wò ó. Kì í ṣe ọta yín. Ẹ wò ó dáadáa."

Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Ó dá a padà fún un.

"Èèpo ọta ò lẹ́nu," ló wí. "Ìka mi ni mo gbọ́ tirẹ̀. Mo kan ìfà yẹn. Ó tutù, ó rọ̀. Mo rí i bí mo ṣe ń rí yín yìí."

"Ẹ ò fọwọ́ kan nǹkan kan, bàbá! Awò ojú yín lẹ̀ ń wá!"

Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ tó ń purọ́ nítorí ìfẹ́. Ó ti báàjì náà padà sọ́wọ́ Merle. "Ẹ dá tirẹ̀ padà fún un," ló wí. "Èèyàn dáadáa ni." Ó dìde, Gretchen di apá rẹ̀ mú, ojú ọmọbìnrin náà ti pọ́n.

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọgbọ́n tí mo rí kọ́ yín kò pọ̀. Bí irọ́ yín bá wọlé tọ ẹlòmíràn, tó bá a gbé, tó bá a jẹun, òtítọ́ lè dé kó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ẹ tètè sọ ọ́ nígbà tí ẹni náà ṣì mọ̀ pé òun kọ́.

Ẹgbẹ́ lé mi, ó sì tọ́ sí mi. Ilé àwọn arúgbó ni Bàbá Orrin wà báyìí, dókítà ní ọpọlọ rẹ̀ jí pépé ju ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Gbogbo Sátidé ni mò ń wakọ̀ lọ síbẹ̀. Mò ń jókòó tì í, mo ń sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pé èmi ni.

Gbogbo Sátidé ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.